Màmá Sábítíù àti Omi Tí A Kì Í Wọ̀ Nígbà Òjò

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ Màmá mi àgbà ní láti kọ́kọ́ ṣí báàgì. Wọn ò wá olè o. Píọ̀ wọ́tà ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á kà á lójú ẹni tó ni ín, ẹyọ kan, ẹyọ méjì, ẹyọ mẹ́ta, wọ́n á sì ní, "Ó dáa, mẹ́ta ni." Nígbà tí ọkọ̀ bá padà dé èbúté, náílọ̀n mẹ́ta yẹn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìbáà jẹ́ ọba ló mu omi inú rẹ̀. Mo rí ọ̀gá kan, èèyàn ńlá, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti Gbàgádà wá ṣe fàájì. Atẹ́gùn gba náílọ̀n lọ́wọ́ ìyàwó, ó já sí omi. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yí orí ọkọ̀ padà, wọ́n wà á títí a fi bá náílọ̀n ọ̀hún níbi tó ti há sára koríko, wọ́n wá ní kí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Apá agbádá ọ̀gá rin dé ìgúnpá. "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi," ni Màmá wí, "omi yìí ò ní agbálẹ̀."

Sábítíù ni orúkọ wọn. Àwọn ni wọ́n bí ìyá mi. Òdìkejì ni a máa ń pe abúlé wọn, torí pé èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ láti Kétu lọ sí èbúté, á wọ ọkọ̀, á sì gun òkè ní òdìkejì omi. Kò jìn rárá, ṣùgbọ́n ariwo ojú títì Ìkòròdú kì í dé ibẹ̀. Kétu ni wọ́n bí mi sí, a sì kó lọ sí Ìkòsì nígbà tó yá. Mummy mi ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12, kò ráyè ọmọ lásìkò ìsinmi, nítorí náà gbogbo ìsinmi mi, ọ̀dọ̀ Màmá ni mo ti lò ó. N ò ní ro ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin níbí. Àwọn fúnra wọn ò fẹ́ràn irú ẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé ọ̀rọ̀ dé, tó wá ń ti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bọ̀, wọ́n á dá a dúró: "Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ń ká ọ lára."

Ibi tó ń ká mi lára ni Ibùsùn.

Ibùsùn ni wọ́n ń pe apá kan omi náà tó ya kúrò lára odò ńlá, tó gba àárín igbó, tó sì já sí ẹ̀yìn abúlé. Omi ibẹ̀ rọ̀. Igi dúró lọ́tùn-ún lósì, gbòǹgbò wọn rì sómi, ẹyẹ funfun sì kún orí wọn. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹja ń lọ yé sí. Kí wọ́n tó gbé Màmá wọlé ọkọ ni òfin ibẹ̀ ti wà. Bí òjò bá ti da omi rú, olórí apẹja àti obìnrin tó dàgbà jù ní agbo ilé ọkọ Màmá á lọ so màrìwò mọ́ òpó ní ẹnu Ibùsùn, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ààlè nìyẹn. Láti ọjọ́ náà títí òjò á fi dá, àwọ̀n ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, àjẹ̀ lásán ò gbọdọ̀ kan omi rẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, wọ́n á fa ọkọ̀ rẹ̀ gòkè, wọ́n á dojú rẹ̀ dé ní èbúté, kò sì ní padà sómi títí wọ́n á fi tú ààlè. Wọn ò ní nà án, wọn ò ní bú u. Ọkọ̀ rẹ̀ á kàn wà níbẹ̀ ní ìdojúdé, tọmọdé tàgbà á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Fún ẹni tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyà yẹn ò kéré. Nígbà tí mo gbọ́n, Bàbá Ganíyù ni olórí apẹja, Màmá sì ni obìnrin tó dàgbà jù.

Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló dé tí a fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí nítorí ẹja tí a ṣì máa padà jẹ.  Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fa àwọ̀n wọn nínú odò ńlá, wọ́n mú ẹpìyà kan, wọ́n rọra la ẹnu rẹ̀ sórí igbá omi. Ọmọ wẹẹrẹ tú jáde lẹ́nu rẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé ojú nìkan ló hàn lára wọn. Mo figbe ta, mo ní ó ti ń jẹ àwọn ọmọ ẹ̀! Màmá ní rárá, ibẹ̀ ló ń gbé wọn pamọ́ sí. Wọ́n ní kò ní jẹun títí àwọn ọmọ á fi lè dá wẹ̀. Wọ́n da ìyá àtọmọ padà sómi, wọ́n wò mí. "Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí èyí ti ń gbààwẹ̀. Ìwọ ńkọ́, tó jẹ́ pé bí mo bá pẹ́ díẹ̀ nídìí ààrò, ẹkún ni?"

Màmá mọ ìjà jà, kí n má purọ́. Wọn kì í pariwo, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé. Àáfà kan wà ní Òdìkejì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé kéwú dé, tó wá bá wọn lọ́jọ́ kan pé kò dáa kí Mùsùlùmí òdodo bíi tiwọn máa so màrìwò mọ́ igi, pé àṣà kèfèrí ni. Màmá ń yan ẹja lọ́wọ́. Wọ́n ní kó jókòó, wọ́n fún un lẹ́ja, ó jẹ ẹ́ tán. Wọ́n wá bi í pé nígbà tó ń bọ̀ láti Kétu, ṣé ó rí iná pupa tí wọ́n gbé dúró sí ojú títì? Ó ní òun rí i. Ṣé awakọ̀ dúró? Ó ní ó dúró. "Ṣé iná yẹn ló ń sìn ni?" Láti ọjọ́ yẹn, bí àsìkò ààlè bá tó, Àáfà fúnra rẹ̀ ló ń kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Ìjà tó gùn jù ni ti àwọn àti Uncle Lùkúmánù, àbíkẹ́yìn wọn. Uncle ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnì kan nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, ó sì gbà pé nǹkan méjèèjì yẹn ni ayé tuntun. Màmá ò wọ ọkọ̀ rẹ̀ rí. Ó lè ti èbúté gbéra lẹ́yìn wọn, kó dé Òdìkejì, kó wẹ̀, kó jẹun, kí Màmá tó wa àjẹ̀ tiwọn dé. Á wá dúró léti omi, á máa rẹ́rìn-ín. Wọn á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìwò ó. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Màmá, ẹ gbà bẹ́ẹ̀ jọ̀ọ́, ayé ti ń sáré." Màmá dúró. "Kó máa sáré. Ta ló sọ fún ọ pé ilé ló ń lọ?"

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n le bí òkúta. Màmá fẹ́ràn Fáńtà, èyí tí kò tutù, tí oòrùn ti pa dáadáa, wọ́n á sì mu ún pẹ̀lú ẹja yíyan, wọ́n á dijú. Wọ́n máa ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ mi rọ̀ bí ọwọ́ ìyàwó báńkà. Ẹ̀rù ojú títì ń bà wọ́n gidi. Bí wọ́n bá wá kí wa ní Ìkòsì, èmi ni mò ń mú wọn lọ́wọ́ sọdá, àwọn tó ń fi ọkọ̀ gba àárín ìgbì kọjá. Wọ́n á dì mí mú pinpin, wọ́n á máa fi Kúlúù ṣàdúrà títí a fi débẹ̀. Bí a bá ti sọdá tán, wọ́n á já ọwọ́ wọn gbà, wọ́n á ní, "Ìwọ lẹ̀rù ń bà."

Èmi ni mo mú àlejò wọ Ibùsùn. Mo wà ní yunifásítì nígbà náà, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì wa wá wo ẹyẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sọ fún àwọn mìíràn. Kí ọdún tó yí, ìjọ kan ní Kétu kó àwọn ọ̀dọ́ wọn wá, ilé ìwé kan tẹ̀ lé wọn, òyìnbó méjì náà dé pẹ̀lú awò ọlọ́jú gígùn. Mo rò pé Màmá á lé wa. Dípò ìyẹn, wọ́n lọ bá Bàbá Ganíyù, wọ́n jọ jókòó, wọ́n sì ṣètò. Ọkọ̀ mẹ́ta péré ló gbọ́dọ̀ wà nínú Ibùsùn lẹ́ẹ̀kan. Ìkẹrin á dúró síta títí ọ̀kan á fi jáde. Àjẹ̀ nìkan, kò sí ẹ́ńjìnnì. Àwọn apẹja á máa pín wíwa àlejò láàárín ara wọn, kó má di ti ẹnì kan. Oúnjẹ ò wọ ọkọ̀. Bí ebi bá pa àlejò, kó lọ jẹ ẹja lọ́dọ̀ àwọn obìnrin èbúté. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gun igi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú ẹyin ẹyẹ. Bí ọkọ̀ bá sì ti wọ abẹ́ igi, tí àwọn ọmọ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ké, Màmá á yí ọrùn padà. "Ẹ rọra o. Àwọn kan ń tọ́mọ níbí."

Ó ń lọ dáadáa. Àwọn obìnrin ń ta ẹja, àwọn apẹja rí nǹkan ṣe lọ́jọ́ tí odò ò bá mú ẹja wá, inú mi sì ń dùn kọjá bó ṣe yẹ. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà tí inú èèyàn bá dùn jù ló máa ń ṣìwà hù.

Ọkùnrin kan pè mí lórí fóònù láti Erékùṣù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú àwọn àlejò káàkiri. Ó ní òun ní èèyàn ogún tí wọ́n fẹ́ wá, pé bí wọ́n bá gbádùn rẹ̀, òun á máa kó èèyàn wá ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tó mú bọ́ sí àárín òjò, ààlè ti wà ní ẹnu Ibùsùn. Mo lọ bá Màmá. Mo bẹ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, àlejò kì í pẹja. Ojú lásán ni wọ́n máa fi wò ó. Once, lẹ́ẹ̀kan péré." Wọ́n ní, "Ojú tó bá pọ̀ jù náà máa ń wúwo." Mo tún bẹ̀.  Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní ó dáa, kí ọkọ̀ méjì wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n jáde kíá. Láyé mi, mi ò rí i kí Màmá yẹ òfin fún ẹnikẹ́ni rí, àfi èmi. Mo fò sókè, mo dì mọ́ wọn. Ojú wọn ò rẹ́rìn-ín, mo sì rí i, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Ojú ń dun Màmá lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n wá sí Ìkòsì kí Mummy lè mú wọn lọ gba oògùn. Èmi kù sí Òdìkejì láti tún ibẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá dàgbà ní Kétu mọ̀ pé bí àlejò bá ń bọ̀, tí èèyàn fẹ́ kí ẹnu ọ̀nà rẹwà, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n ń so sí géètì àti ara òpó. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Mo rán àwọn ọ̀rẹ́ Uncle Lùkúmánù lọ gé màrìwò, a sì so ó láti èbúté lọ, mọ́ gbogbo òpó àti gbogbo igi tó yọ orí lómi, títí dé ẹnu Ibùsùn, títí wọ inú rẹ̀. Ó rẹwà, kí n sọ òtítọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé mo ti kọ "má wọ ibí" káàkiri gbogbo odò, tó fi jẹ́ pé kò sí ibi tí wọ́n ti lè kà á mọ́.

Àlejò dé, wọ́n gbádùn, wọ́n lọ. Èmi náà gba ilé ìwé lọ láì tú màrìwò. Àwọn apẹja kọ́kọ́ jókòó sílé odindi ọjọ́ kan, wọ́n rò pé wọ́n ti ti gbogbo omi ni. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀ṣọ́ àlejò ni, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Màrìwò wá di nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò wò mọ́. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ọkọ̀ mẹ́fà ti fi àwọ̀n wọ Ibùsùn, ọmọ Bàbá Ganíyù gan-an wà lára wọn. Ọjọ́ tí Màmá padà dé èbúté náà ni wọ́n ń da ẹja sínú ọpọ́n. Ẹpìyà ńláńlá ni. Ọmọ wọn ń dà lẹ́nu wọn sí ìsàlẹ̀ ọpọ́n, wọ́n ti kú, wọ́n pọ̀ bíi gaàrí. Mummy tó sìn wọ́n dé èbúté ló pè mí lórí fóònù. Ó ní Màmá ti ọwọ́ bọ ọpọ́n, pé kí n máa bọ̀ kíákíá.

Gbogbo Òdìkejì pé sí èbúté lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣòro: ọkọ̀ ta ni wọn ó dojú ẹ̀ dé? Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní àwọn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ààlè àti ọ̀ṣọ́ mọ́. Ọmọ Bàbá Ganíyù ní, "Àlejò wọ̀ ọ́ nígbà òjò, a fojú rí i. Ṣé àwa nìkan ni òfin wà fún ni?"  Ojú gbogbo èèyàn wá yí sọ́dọ̀ mi. Mo dìde, mo fẹ́ sọ pé èmi ni.

"Jókòó," ni Màmá wí.

Wọ́n kọjú sí àwọn àgbà. "Ọmọ yìí ò lágbára láti ṣí Ibùsùn. Èmi ni mo ṣí i. Wọ́n bẹ̀ mí, mo gbà, mo sì mọ̀ pé kò yẹ kí n gbà. Ọkọ̀ mi lẹ máa yí."

Bàbá Ganíyù ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ wọ ibẹ̀ o."

"Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fólè, Bàbá Ganíyù, kí là ń pè é?"

Kò sí ọwọ́ tó kan ọkọ̀ Màmá. Ta ló máa yí ọkọ̀ ìyá àádọ́rin ọdún àti díẹ̀? Uncle Lùkúmánù ń bẹ̀ wọ́n, omijé wà lójú rẹ̀. Màmá ta gèlè wọn mọ́dìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n wò mí. Mo lọ gbé apá kejì. Igi tutù yẹn wúwo, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀. A fà á gòkè, a yí i, ó dojú bolẹ̀, ìdí rẹ̀ dúdú kọjú sí oòrùn. Mo ń sunkún, mo ní, "Màmá, mi ò ní mú àlejò wá mọ́ láéláé." Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n bínú. "Ta ló ní kó o má mú wọn wá? O ba nǹkan jẹ́ tán, o wá fẹ́ sá? Bọ̀ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́fà yí ọkọ̀ tiwọn náà kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ Bàbá Ganíyù ló ṣíwájú. Àwọn mẹ́ta tó kù ní Màmá ń ṣe àṣejù, wọ́n bá tiwọn lọ. Títí òjò fi dá, Màmá ò wa ọkọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí Kétu, wọ́n á dúró létí omi, wọ́n á máa bẹ ẹni tó ń lọ pé kó jọ̀ọ́ gbé àwọn dání. Mo rí i tí ọmọ kékeré ń wà wọ́n, tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ lórí itan. Ó dùn mí dé egungun. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọkùnrin Erékùṣù padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kó èèyàn kún ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Ó ti sọ fún wọn pé ààyè wà. Màmá pàdé rẹ̀ ní èbúté Kétu, èmi ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo kí i, mo ní, "Ẹ má bínú sir, láti ìsinsìnyí lọ, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àti àwọ̀n àti àlejò, kò séyìí tó máa wọ ibẹ̀. Ẹ padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn." Inú bí i. Ó ní òun á kó àwọn èèyàn òun lọ síbi tí wọ́n mọ iyì owó. Àwọn obìnrin tó ti yan ẹja sílẹ̀ ń kùn lẹ́yìn wa, ẹnì kan ní òfin ò ṣeé fi ṣe ọbẹ̀. Màmá gbọ́. Wọ́n ra gbogbo ẹja obìnrin náà, wọ́n sì pín in fún àwọn àlejò tí à ń dá padà, lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ. Ẹ wò ó bó ṣe tóbi tó. Torí pé a ń tì í ló ṣe tóbi."

Ọkùnrin yẹn ò padà wá mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹja ò pọ̀, àwọn èèyàn sì ráhùn. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Lójoojúmọ́ tí àlejò bá wà, wọ́n á mú mi dúró ní èbúté, wọ́n á ní kí n ka òfin fún wọn lẹ́sẹẹsẹ, bí mo bá fo ọ̀kan, wọ́n á fi àjẹ̀ gbún mi nídìí lójú gbogbo wọn. Nígbà tí òjò kejì lọ, àwọn ọmọ ẹpìyà tún kún etí omi. Bàbá Ganíyù wá sọ fún wọn nílé. Màmá ń mu Fáńtà wọn lọ́wọ́. "Mo gbọ́. Kí wọ́n má fi pariwo, wọ́n á jí àwọn ọmọ."

Àárín òjò ni Màmá lọ. Wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa ní Ìkòsì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara wọn ò yá. Àárọ̀ ni, wọ́n kírun Àsùbáà lórí ìjókòó, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn tì díẹ̀. Mummy gbé omi gbígbóná dé, ó bá wọn bẹ́ẹ̀.  Mo kàn mọ̀ pé mo ń tún aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ wọn ṣe, mo ń tún un ṣe, títí Mummy fi di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n ti sọ tipẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ wọn ni kí wọ́n sin àwọn sí, ibojì náà sì wà ní ẹ̀yìn abúlé, níbi tí Ibùsùn já sí. A wẹ̀ wọ́n, a wé wọn, a gbé wọn dé èbúté Kétu kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọkọ̀ Uncle Lùkúmánù ti wà níbẹ̀. Odò ti kún, ewé omi ti dí gbogbo ojú odò ńlá pa, ó nípọn débi pé ẹyẹ ń rìn lórí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò lè gba ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yí abúlé po, àfi kó máa fi ọ̀pá àti ọwọ́ la ewé. Ṣùgbọ́n Ibùsùn mọ́ kedere. Bí a bá gba ibẹ̀, a ó dé ká tó mọ̀.

Àáfà pè lórí fóònù, ó ní kí a yára, pé òun fẹ́ kírun sí wọn lára kí Àlàásárì tó tó, pé wọn kì í jẹ́ kí òkú dúró. Òjò tún ti ń ṣú. Àwọn ẹbí dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ létí omi, oníkálukú ń sọ tirẹ̀. Bàbá Ganíyù, tó ti darúgbó, ló wá sọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn. Ó ní, "Èmi ni olórí apẹja. Mo máa tú ààlè fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Fún Ìyá nìkan. Ta ló tọ́ sí bíi tiwọn?"

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo fẹ́ gbà. Ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ kí Màmá mi sinmi, mo sì ń rò ó pé tó bá jẹ́ pé èèyàn kan wà láyé yìí tí omi yẹn jẹ ní gbèsè, àwọn ni. Mo wo Uncle Lùkúmánù. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó gbé e sórí ilẹ̀ nínú ẹrẹ̀, aṣọ funfun rẹ̀ dọ̀tí. Ó na ọwọ́.

"Ẹ fún mi ní àjẹ̀," ló wí. "Màmá ò wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rí, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò wọ Ibùsùn rí nígbà òjò. A ò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí."

A gba odò ńlá. Èmi wà níwájú pẹ̀lú ọmọ Bàbá Ganíyù, à ń fi ọwọ́ fa ewé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ ń wé mọ́ wa lọ́rùn ọwọ́, Uncle ń fi àjẹ̀ tì wá láti ẹ̀yìn. Òjò bẹ̀rẹ̀. Mummy fi agbòòrùn bo Màmá, òun náà ń rin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ há, ẹ̀ẹ̀mejì la sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tó mu wá dé àyà, tí a tì í. Fóònù Uncle ń dún ṣáá, kò gbé e. Nígbà tí a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu Ibùsùn, kò sẹ́ni tó yí ojú síbẹ̀.

Àlàásárì ti kọjá dáadáa nígbà tí a dé. Gbogbo Òdìkejì dúró nínú òjò, wọ́n ń retí. Àáfà la ẹnu láti bá wa wí, ó rí àjẹ̀ lọ́wọ́ Uncle, ó rí ọwọ́ mi tó ti bó, ó pa ẹnu dé. Ó kírun sí wọn lára, a sì sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn, níbi tí èèyàn ti lè rí ìdí Ibùsùn láàárín igi.

Omi ibẹ̀ dákẹ́. Àfi òjò nìkan ló ń kàn án lójú. Àwọn ẹja inú rẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kú.